Ẹni Tó Mọ Ohun Tó Kù Nínú Káàdì

Nínú àwòrán tí kámẹ́rà ilé ìtajà náà yà, Ameenat ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpò ìrẹsì kékeré kan sórí kàǹtà, ó na káàdì sí ẹni tó ń gbowó, ó sì gbójú sókè tààrà bí ẹni tó ń ya fọ́tò ọjọ́ ìbí.

Ìnspẹ́kítọ̀ Kúbúrátù Òṣínúbi wo àwòrán náà títí. Ó rọra bọ́ bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú láti àárọ̀, ọjọ́ Sátidé tó yẹ kó fi sùn ni wọ́n sì pè é sí iṣẹ́.

"Màdáàmù, ẹjọ́ yìí ti parí," ni Kọ́púrà Zakariyah wí. Kò tíì pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé sí àgọ́ ọlọ́pàá wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, ara rẹ̀ sì yá gágá sí iṣẹ́. "Èmi ni mo mú ọmọbìnrin náà lánàá. Ọ̀gá ní ká gbé e lọ sí kóòtù lọ́jọ́ Ajé. Ẹ kàn fọwọ́ sí i ni."

"Ta ló ni káàdì?"

"Máyọ̀wá ni orúkọ rẹ̀. Yàrá kan náà ni òun àti Ameenat ń gbé ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Káàdì àwìn ni, Màdáàmù, kì í ṣe èyí tí èèyàn fi ń gba owó ara rẹ̀ ní báńkì. Ilé iṣẹ́ kan ló ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á fi rajà lónìí, wọ́n á san án tó bá yá, pẹ̀lú èlé."

"Mo mọ àwìn," ni Kúbúrátù dáhùn. "Ìjẹ̀bú ni mí."

Zakariyah ka ohun tí ilé iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Máyọ̀wá ti sọ pé láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni òun kò ti rí káàdì náà mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹnì kan fi ra oúnjẹ, ó fi ra ìyẹ̀fun àti bọ́tà, ó sì fi ra ọ́fùn onígáàsì ńlá kan. Ibi tí wọ́n ti ra oúnjẹ nìkan ni wọ́n ti rí àwòrán, Ameenat ló sì wà nínú rẹ̀.

"Ọ́fùn," ni Kúbúrátù tún un sọ. "Olè tó fẹ́ yan búrẹ́dì."

"Wọ́n lè fẹ́ tà á, Màdáàmù."

"Ta ló ń jí bọ́tà tà?" Ó fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni káàdì náà kọ̀?"

Kọ́púrà tún fóònù rẹ̀ wò. "Kò kọ̀ rárá. Gbogbo ohun tó fẹ́ rà ló gbà. Ọ́fùn ló rà kẹ́yìn, ohun tó sì kù nínú káàdì lẹ́yìn náà kò lè ra gúgúrú."

Kúbúrátù di ojú. Zakariyah rò pé ó ti sùn lọ.

"Zakariyah, bí o bá jí àpò olówó kan nínú òkùnkùn, ṣé o mọ iye tó wà nínú rẹ̀?"

"Rárá, Màdáàmù. Màá kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́ wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni olè káàdì náà á ṣe. Á gbé ohun tó wọ́n jù síwájú, káàdì á kọ̀, á dín in kù, á tún gbìyànjú. Ẹni tiwa yìí kò gbìyànjú ohunkóhun. Ó ti mọ ohun tó kù nínú káàdì kó tó jáde nílé. Tún wo ojú ọmọ yìí. Ta ló ń jalè tó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà?"

"Ó lè má mọ̀ pé kámẹ́rà wà níbẹ̀."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀." Kúbúrátù ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Mú un wá."

*

Ohùn Ameenat ti há. Ojú rẹ̀ wú, híjáàbù rẹ̀ ti rún nítorí pé ó fi ṣe ìrọ̀rí mọ́jú. Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ kí àgbà obìnrin náà.

"Dìde, jókòó. Ta ló fún ọ ní káàdì?"

"Máyọ̀wá ni, Mà. Ó ní inú ń run òun, pé kí n bá òun ra oúnjẹ wá. Ó sọ píìnì rẹ̀ fún mi."

"Ta ló gbọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan. Àwa méjèèjì nìkan la wà ní yàrá."

"Ta ló jẹ oúnjẹ náà?"

"Àwa méjèèjì ni, Mà. Ìrẹsì náà ò tíì tán. Mo ti sọ gbogbo èyí fún Kọ́púrà."

Zakariyah ń wo ilẹ̀.

"Ọ́fùn ńkọ́? Ìyẹ̀fun ńkọ́?"

"Ọ́fùn wo?" Ìyàlẹ́nu náà hàn lójú rẹ̀ kedere. "Kò sí ibi tí a lè gbé ọ́fùn sí, Mà. Orí bẹ́ẹ̀dì ni a ti ń jẹun."

"Ṣé ìjà wà láàrin yín?"

Ameenat ronú díẹ̀. "Kì í ṣe ìjà. Mo máa ń bá a wí lórí káàdì yẹn. Ọjà Òkè-Ajé ni bàbá mi ti ń tajà, wọ́n sì máa ń sọ pé àwìn kì í ṣe ẹ̀bùn. Máyọ̀wá á ní ojú mi ò tíì là. Ó ní tí òun bá ṣáà ti ń san ìwọ̀nba tí wọ́n ní kí òun san lóṣooṣù, kò séwu." Ó wá gbójú sókè. "Mà, ọjọ́ Ajé ni ìdánwò wa bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá pàdánù rẹ̀, ọdún kan gbáko ló lọ yẹn. Ṣé ẹ ò lè jẹ́ kí n lọ ṣe é, kí n sì padà wá síbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Kúbúrátù kọ ọjọ́ ìdánwò náà sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú un padà.

Bàbá Ameenat, Àlhájì Àbúdù, ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta láti ìgbà tó ti kírun àsùbá tán. Ìkòkoré wà nínú kúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò fẹnu kàn án. Bó ṣe rí Kúbúrátù, ó dìde.

"Ìnspẹ́kítọ̀, bó bá jẹ́ owó ni, ẹ jẹ́ kí n san án. Màá lọ sí ṣọ́ọ̀bù nísinsìnyí. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n mú ọmọ mi relé."

"Àlhájì, bí ẹ bá san án, ẹ ti gbà pé ó jí i nìyẹn."

Àlhájì dúró díẹ̀ sí i bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wá rọra jókòó padà.

*

Orí òkè pátápátá ni yàrá àwọn ọmọ náà wà, Kúbúrátù sì dúró mí ní gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, Zakariyah ń tẹ̀lé e. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni Máyọ̀wá. Ó gbé àga fún un, ó bu omi tútù wá, kò sì jókòó títí wọ́n fi ní kó jókòó.

"Ta ló mọ píìnì rẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, Mà. Bóyá Ameenat yọjú wò mí nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́."

"Bí wọ́n bá fi káàdì rẹ rajà, ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ kì í wọlé sórí fóònù rẹ?"

"Ó máa ń wọlé, Mà, pẹ̀lú iye tó bá kù. Ṣùgbọ́n fóònù mi bàjẹ́ lásìkò yẹn. Ó wà lọ́wọ́ Haneef tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọjà Òkè-Ajé. Ìgbà tí mo gbà á padà ni mo tó rí gbogbo rẹ̀, ni mo bá sáré wá sọ́dọ̀ yín."

"Nígbà náà, Haneef lè ti rí iye tó kù."

"Bóyá, Mà." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lára.

"Ta lo mọ̀ tó ń yan búrẹ́dì?"

Ọwọ́ Máyọ̀wá, tó ti ń ṣí síìpù àpò rẹ̀ tó sì ń pa á dé látàárọ̀, dúró. "Mi ò mọ ẹnì kankan, Mà."

Kúbúrátù dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ọmọbìnrin náà tó tún sọ̀rọ̀. "Mà, ṣé wọ́n máa gbé Ameenat lọ sí kóòtù lóòótọ́?"

"Lọ́jọ́ Ajé."

"Ṣùgbọ́n mi ò ní kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni. Ìwé ọlọ́pàá nìkan ni mo wá gbà."

Lórí àtẹ̀gùn, Kúbúrátù di irin mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Zakariyah, bí wọ́n bá jí nǹkan rẹ, kí lo máa kọ́kọ́ fẹ́?"

"Kí ọwọ́ tẹ olè náà."

"Ọmọ yìí fẹ́ ìwé. Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Zakariyah ronú. "Bí èèyàn bá mú ìwé ọlọ́pàá lọ pé wọ́n jí káàdì òun, ilé iṣẹ́ náà máa ń pa gbèsè tí olè bá jẹ rẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó má rí bó ṣe wí, Màdáàmù. Lójú tèmi, Haneef yìí gan-an ni. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rí iye tó kù, ó sì ń sọ ọ́ fún Ameenat. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe é."

"Ó ṣeé ṣe," ni Kúbúrátù wí. Kò purọ́. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, Ameenat kò ní jáde.

*

Bí Haneef ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá, ó ti nǹkan sábẹ́ tábìlì rẹ̀ kíá. Zakariyah ti fò débẹ̀ kó tó gbé ọwọ́ kúrò. Ó tọwọ́ bọ abẹ́ tábìlì, ó fa ìdì ìwé pélébé-pélébé kan jáde.

Ìwé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ni Haneef bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀, òógùn ti bo imú rẹ̀. "Lémọ́ọ̀mù ni bàbá mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

"Kó wọn padà," ni Kúbúrátù wí fún Zakariyah. Ó fa àpótí kan tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi jókòó. "Haneef, ọmọ kan tó ń jẹ́ Máyọ̀wá gbé fóònù wá fún ọ. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ wo lo rí lórí rẹ̀?"

"Báwo ni mo ṣe máa rí àtẹ̀jíṣẹ́, Mà? Ojú fóònù náà ti kú pátápátá, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó dijọ́ tí ojú tuntun dé láti Èkó kí n tó rí nǹkan kan lórí rẹ̀. Àti pé kò sí síìmù nínú rẹ̀."

Zakariyah yíjú. "Ta ló yọ ọ́?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Ibi tí Mà jókòó sí yìí ló dúró sí. Ó yọ síìmù rẹ̀, ó fi í sínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kan. Ọjọ́ tó wá wò ó bóyá mo ti ṣe é tán, fóònù kékeré yẹn náà ló fi pe màmá rẹ̀. Ó ní, 'Màmi, ṣé wọ́n ti gbé e dé? Ṣé ó gba ẹnu ọ̀nà?'"

"Kí ni wọ́n gbé dé?"

"Mi ò bi í, Mà."

Ọkọ̀ ọlọ́pàá ti rìn jìnnà díẹ̀ kí Zakariyah tó lanu. "Àtẹ̀jíṣẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, nígbà náà. Gbogbo rẹ̀ pátá."

"Síìmù ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ojú fóònù."

"Mo gbé ọmọ ọlọ́mọ sí àtìmọ́lé."

"O gbé e. Wakọ̀. Ìwé ẹ̀sùn Máyọ̀wá ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin ni ìyá rẹ̀ ń gbé."

*

Òórùn búrẹ́dì ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé. Kúbúrátù ní kí Zakariyah dúró sídìí ọkọ̀. Aṣọ ilé ni òun wọ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn bí oníbàárà.

Ìyá Máyọ̀wá, Tíṣà Rachel, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Opó ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìyẹ̀fun funfun lọ́wọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọ́fùn náà wà, ó ń dán gbinrin, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé tí wọ́n yọ kó lè ráyè kọjá sì fara ti ògiri.

"Ẹ ò rí i bó ṣe tóbi tó?" Ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu obìnrin náà. "Ọmọ mi ló rà á fún mi o, ọmọ tó ṣì wà nílé ìwé! Ó ní òun ń bá àwọn ará Èkó kan ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ó tún ra ìyẹ̀fun, ó ra bọ́tà. Mo ní kó fi owó rẹ̀ ra ìwé, ó ní, 'Màmi, ẹ ti fẹ́ iná igi tó.'"

"Ìgbà wo ni wọ́n gbé e dé?"

"Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá yìí. Mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà."

Lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí wọ́n ní wọ́n jí káàdì. Kò sí ohun tó tún kù láti wá. Kúbúrátù ti máa ń retí àkókò yìí nínú ẹjọ́ nígbà kan, ara rẹ̀ á yá, á fẹ́ sọ fún ẹnì kan. Lónìí, ó kàn wù ú kó padà sẹ́yìn, kó má ti kan ilẹ̀kùn náà.

Tíṣà Rachel ti gé búrẹ́dì sínú àwo. Ó ní kó jókòó, ó sì gbé àwo náà fún un. "Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó rà á."

Kúbúrátù gba àwo náà, ó gbé e lé orí ẹsẹ̀, kò sì jẹ ẹ́.

"Mà, orúkọ mi ni Kúbúrátù Òṣínúbi. Ìnspẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ni mí. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín kí n tó jókòó."

Ẹ̀rín náà kò tíì kúrò lẹ́nu obìnrin náà pátápátá. "Ṣé Máyọ̀wá wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Ara rẹ̀ le."

"Ọlọ́run, mo dúpẹ́." Ó di ẹ̀gbẹ́ ọ́fùn mú. "Kí ló wá ṣe?"

Kúbúrátù sọ ọ́ fún un, kò fi kún un, kò sì yọ kúrò. Nígbà tó parí, Tíṣà Rachel yíjú sí ọ́fùn náà. Ó pa iná ọ́fùn, búrẹ́dì tí kò tíì jinná ṣì wà nínú rẹ̀. Ó wọlé lọ fọwọ́, ó pààrọ̀ ìró, ó sì jáde.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ni ó wí.

*

Nígbà tí Máyọ̀wá wọ ọ́fíìsì tó rí ìyá rẹ̀ lórí àga, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Zakariyah ti dúró síbẹ̀.

"Jókòó," ni Kúbúrátù wí. "Ẹni tó fi káàdì rẹ rajà mọ ohun tó kù nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí káàdì kò fi kọ̀ ọ́ rí. Síìmù rẹ ni wọ́n ń fi iye yẹn ránṣẹ́ sí, síìmù yẹn kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ. Mo ti rí ọ́fùn. Sọ èyí tó kù fúnra rẹ."

Máyọ̀wá wo ìyá rẹ̀ kó tó sọ ọ́.

"Fóònù ni mo kọ́kọ́ fi rà. Lẹ́yìn náà, mo fi ra aṣọ ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ wa. Kì í dà bí owó, Mà. Mo kàn ń tẹ nọ́ńbà. Mò ń san ìwọ̀nba tí wọ́n ní kí n san, mo rò pé ó ń dínkù, àfi bí èlé ṣe ń gun orí èlé. Wọ́n wá ní àwọn máa kọ̀wé sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù mi, pé ajẹgbèsè ni mí. Ẹnì kan ní kíláàsì wa ló sọ pé bí mo bá mú ìwé ọlọ́pàá lọ pé wọ́n jí i, wọ́n á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́." Ó nu imú. "Mo wá ní bí wọ́n bá máa pa á rẹ́ náà, kí n kọ́kọ́ fi ra ohun kan tó ní láárí."

"Ameenat ńkọ́?"

"Mo gbàgbé pé mo ti rán an níṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí mo sọ fún yín pé káàdì sọnù. Mi ò mọ̀ pé kámẹ́rà wà níbẹ̀."

"Nígbà tí wọ́n mú un, o ti mọ̀."

"Mo rò pé wọ́n máa fi í sílẹ̀."

Ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò pariwo. "Ọmọ ọlọ́mọ sun orí ilẹ̀ àtìmọ́lé lánàá. Ìwọ sì pè mí lánàá, ò ń bi mí bóyá búrẹ́dì wú dáadáa."

Máyọ̀wá bo ojú rẹ̀.

Kúbúrátù lọ bá ọ̀gá àgọ́. Ọ̀gá kùn, ó béèrè ohun tí ẹsẹ̀ wíwú ń wá káàkiri ní Sátidé, ó sì fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ Ameenat níkẹyìn. Nígbà tí Kúbúrátù padà dé, ó na ìwé àti kálámù sí Máyọ̀wá.

"Kọ gbogbo rẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́. Gbèsè rẹ ṣì wà lọ́rùn rẹ, ọlọ́pàá ò lè pa ìyẹn rẹ́. Irọ́ tí o wá pa fún wa jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì ní kóòtù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ní ìdánwò lọ́jọ́ Ajé. Màmá rẹ yóò dúró fún ọ. Bí o bá ti ṣe é tán, kí o wá bá mi níbí."

Zakariyah fúnra rẹ̀ ló lọ ṣílẹ̀kùn àtìmọ́lé. "Àbúrò mi, má bínú," ni wọ́n gbọ́ tó ń wí. "Èmi ni mo kánjú."

Ameenat jáde, ó ń fọwọ́ na híjáàbù rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Bí wọ́n ṣe dé iwájú ọ́fíìsì, Máyọ̀wá kúnlẹ̀ sáàárín ọ̀nà.

"Ameenat, jọ̀ọ́. Dárí jì mí. Sọ nǹkan kan sí mi. Ohun yòówù kó jẹ́."

Ameenat wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, kò sì sí omijé mọ́.

"Ó rẹ̀ mí, Máyọ̀wá," ni ó wí. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wẹ̀ ná."

Ó yà fún un, ó sì tẹ̀lé bàbá rẹ̀ jáde.